Ilẹ̀kùn Kọ́ Ló Ṣẹ̀

Àga oníkẹ̀kẹ́ náà ti dé ilé kí ẹni tó ni ín tó dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ìdílé pé jọ sí pálọ̀, wọ́n sì ń wo àga náà bí ẹni ń wo àlejò tí wọn kò tíì mọ ibi tí yóò sùn. Dókítà ti sọ fún wọn pé àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlu ìyá wọn ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì àti apá òsì kò ní í ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọn kò ní í pẹ́ dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Orí àga yìí ni yóò ti máa ti ibì kan lọ sí ibòmíì nínú ilé.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló ti àga náà láti pálọ̀ lọ sí yàrá Màmá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, àga há. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó há. Ó gbé e sókè díẹ̀, táyà rẹ̀ ha ọ̀dà ara ògiri. Ó dúró, ó wo ògiri tó pààlà pálọ̀ àti yàrá náà láti òkè délẹ̀.

"Ògiri yìí ló yẹ kó kúrò," ó ní.

Ẹ jẹ́ ká mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àdúgbò sì ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Kíámọ́sá, nítorí kò sí ohun tó kórìíra tó kí nǹkan falẹ̀. Bí òjò bá ṣú, òun ni yóò kọ́kọ́ ká aṣọ. Bí ara ẹnìkan ò bá yá ní àdúgbò, kí àwọn yòókù tó sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́," ó ti wá ọkọ̀ dé. Ìwà yẹn ló gbé ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn kí ẹ̀mí tó bọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi bú u.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe búrẹ́dì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé náà ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Onídìrí ni ìyàwó yìí, gbogbo ilé sì ń pè é ní Ìyàwó Òkè. Màmá nìkan ló ń gbé ìsàlẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wọn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ń gbé ibòmíì, lókè téńté ilé alájà kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró. Bàbá wọn tó kọ́ ilé náà ti di olóògbé tipẹ́.

Ìyàwó Òkè ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó rọra bi wọ́n bóyá kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́, kí wọ́n mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba àṣẹ.

"Àṣẹ kí ni?" Kíámọ́sá dá a lóhùn. "Ṣé ilé la fẹ́ kọ́ ni? Àtúnṣe la fẹ́ ṣe. Ilé bàbá mi ni, inú ilé sì ni, kò sẹ́ni tó máa rí i láti òde. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, ìyàwó wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní ìwé àṣẹ tí bàbá àwọn fi kọ́ ilé ṣì wà nínú àpótí, ṣé ilé tó ti gbàṣẹ tún máa ń gbàṣẹ ni? Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nìyí. A rò pé àṣẹ ilé dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ, pé tí a bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìyàwó Òkè dákẹ́, nítorí ìyàwó ilé ni, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ni bàbá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bírikìlà. Gbọnrangandan ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nípa gbogbo ògiri tó bá ti gbé dúró nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́ o. Àìmọye ògiri ló ti kọ́ sí àdúgbò náà, wọ́n sì wà lórí ìdúró dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn lè gbé ògiri dúró, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ohun tí ògiri tó ti dúró ń gbé. Gbọnrangandan fi ìka kan ògiri náà, ó gbé etí lé e, ó sì ní ògiri tí wọ́n fi pín yàrá lásán ni.

Kíámọ́sá béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Bírikìlà ní táwọn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọ̀dà á ti gbẹ kí Màmá tó dé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á rán èèyàn wá wò ó, onítọ̀hún á padà, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ya àwòrán wá, ọ̀sẹ̀ á máa gorí ọ̀sẹ̀, Màmá á sì ti máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Màmá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n tún fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ létí Màmá nílé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ kó kàn dé, kó bá yàrá ńlá, kí inú rẹ̀ dùn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òòlù ńlá ń dún, eruku ń jáde lójú fèrèsé, àwọn aládùúgbò ń kí wọn kú iṣẹ́. Gbọnrangandan fi igi ti òkè kí ògiri tó wó tán, ó fi pákó nípọn-nípọn gbọọrọ kan dábùú ibi tí ògiri wà, ó fi sìmẹ́ńtì bò ó, ó sì yọ àwọn igi tó fi ti òkè, nítorí wọ́n á máa dí àga Màmá lọ́nà. Wọ́n kun yàrá náà ní àwọ̀ ewé tí Màmá fẹ́ràn. Aránṣọ ni Màmá kó tó di àgbà, nítorí náà wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

Mi ò ní purọ́, yàrá náà dára. Nígbà tí Kíámọ́sá ti àga tó ṣófo láti ẹnu ọ̀nà ìta títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láìdúró níbì kankan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nù ún kíá kí wọ́n má rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá Ìyàwó Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ilẹ̀kùn yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ìyàwó Òkè wọlé ọkọ, ìka kan ló fi ń tì í. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ha ilẹ̀, ó sì ní láti fi èjìká tì í kó tó pa dé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti dé etí Kíámọ́sá, Kíámọ́sá sì ti ránṣẹ́ sí káfíńtà. Káfíńtà fá ìdí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé.

Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó tún há, lókè lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n tún pe káfíńtà, ó fá òkè rẹ̀.

"Ìyàwó wa," káfíńtà ń ṣàwàdà bó ṣe ń gbá èérún pákó jọ, "bí a bá ń fá a báyìí, láìpẹ́ aṣọ ìkélé lẹ máa ta síbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè pé báwo ni pákó tí wọ́n ti gé tipẹ́, tó ti gbẹ tipẹ́, ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ṣùgbọ́n Ìyàwó Òkè ló ń nu ilẹ̀ yàrá náà láràárọ̀, ẹni tó bá sì ń nu ilẹ̀ a máa mọ ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí omi bá dànù níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló máa ń ṣàn lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń gbá a jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó da omi sílẹ̀, omi náà kò lọ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ó rọra ṣàn lọ sí àárín yàrá, ó sì dúró síbẹ̀. Ó gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà wá. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè ilẹ̀kùn tó sì ń gun ògiri lọ.

Ó fi han ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kíámọ́sá ní ilé ń jókòó ni, pé bí wọ́n bá ti gbé nǹkan kúrò nínú ilé, ara ilé máa ń nà díẹ̀. Ó ní kí Gbọnrangandan wá fi sìmẹ́ńtì dí i, kó sì kùn ún kí Màmá tó dé. Wọ́n dí i, wọ́n kùn ún. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tó lanu láti sọ̀rọ̀ ńkọ́, tí a sì fi ọ̀dà dí i lẹ́nu?

Ó kan Ìyàwó Òkè láti gbé oúnjẹ lọ fún Màmá nílé ìwòsàn. Ọ̀tunla ni wọ́n máa dá Màmá sílẹ̀. Ó bá a lórí ìjókòó, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì ń béèrè ilé bí ọmọ tó ti pẹ́ níléèwé. Ṣé wọ́n ń ṣí fèrèsé yàrá òun? Ṣé eku kò tíì wọ inú aṣọ òun? Ìyàwó Òkè dá a lóhùn, ó tún irun rẹ̀ ṣe fún un. Bó ṣe ń dì í lọ, ó béèrè bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkankan:

"Màmá, ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá yín, ṣé ó ti wà bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ògiri yẹn? Òun gan-an ló gbé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè dúró. Ilé ilẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tó fẹ́ gbé òkè lé e, àwọn ọ́fíìsì wá wò ó, wọ́n ní ògiri tó wà ńbẹ̀ kò lè rù ú, pé kó wó o, kó fi irin àti búlọ́ọ̀kù ńlá kọ́ òmíì. Odindi ìgbà òjò kan la fi dúró dè wọ́n. Àwọn èèyàn ń fi wá ṣẹ̀sín. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀." Ó gbìyànjú láti yí ọrùn padà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi ń béèrè?"

Ìyàwó Òkè ní kò sí nǹkan. Ó di irun náà tán, ó sì kó abọ́ oúnjẹ jọ.

Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́bàá géètì ilé ìwòsàn, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ròyìn gbogbo ohun tí Màmá sọ. Ọkọ rẹ̀ ní kó fara balẹ̀, pé tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun á bá Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀. Ó mọ bí bíbá Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí. Ó sì mọ ohun tí wọ́n á sọ nípa òun tí òun bá gba ọ́fíìsì lọ: pé ẹni tí àwọn gbé wálé ló lọ fẹjọ́ ilé sùn níta. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára ìyàwó bọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Síbẹ̀, ọ̀nà ọ́fíìsì ló gbà.

Obìnrin ẹnjiníà kan ló bá níbẹ̀. Kò tíì rojọ́ dé ìdajì nígbà tí ẹnjiníà gbé kálámù sílẹ̀.

"Àwọn ilẹ̀kùn òkè ńkọ́, ṣé wọ́n ń há?"

"Ọ̀kan ń há, mà. Wọ́n ti fá a, ó tún há."

"Ta ló wà nílé báyìí?"

"Àwọn ọmọ mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tilé ìwé dé."

Ẹnjiníà mú akoto rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹnjiníà kò wo ọ̀dà, kò wo ibùsùn. Ó ta okùn tín-ín-rín kan láti igun kan yàrá Màmá dé ìkejì lábẹ́ àjà. Okùn náà tọ́, àjà kò tọ́. Àárín àjà ti wálẹ̀ débi tí kò fi ku nǹkankan láàárín òun àti okùn. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí gbogbo ẹni tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má sì gbé ohunkóhun. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ iléèwé lẹ́sẹ̀. Ẹnjiníà wá pe àwọn tó máa kó òpó irin wá láti fi gbé òkè ró.

Kíámọ́sá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá ìyàwó àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ lójú títì, àwọn èèyàn sì ti ń pé jọ. Gbọnrangandan tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ìyàwó, ìwọ lo lọ pè wọ́n?" Kíámọ́sá bi í.

Ìyàwó Òkè kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ bínú sí mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

"Màmá ń bọ̀ lọ́tunla," ó ní. Kò pariwo. Ẹnjiníà ló kọjú sí. "Ibo lẹ fẹ́ kí n gbé ìyá mi sí?"

"Ọ̀gá, ògiri tẹ́ ẹ wó ló ń gbé òkè," ẹnjiníà dá a lóhùn. "Pákó yẹn kò lè rù ú. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ̀ ń fá yẹn, ilẹ̀kùn kọ́ ló ṣẹ̀."

Gbọnrangandan gba ẹnu ọ̀nà wo inú ilé, ó rí okùn tí ẹnjiníà ta. Ó rọra ṣí fìlà rẹ̀.

Òpó irin kò tíì dé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ dún bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni ariwo ńlá, tí eruku sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ojú títì, tí kò sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, yàrá òkè ti wà ní ìsàlẹ̀. Orí ibùsùn Màmá gan-an ló já lé. Òrùlé tẹ̀ wálẹ̀ sí ibi tí òkè wà tẹ́lẹ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rọ ìránṣọ náà mọ́. Ilẹ̀kùn tí káfíńtà fá wà lórí òkìtì náà, kò tilẹ̀ fọ́.

Ìyàwó Òkè kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń sunkún. Kíámọ́sá wo àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ibi tí ibùsùn tí kò hàn mọ́ wà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku.

Ẹ̀mí kankan kò bọ́. A dúpẹ́ fún ìyẹn, gbogbo ìgbà la ó sì máa dúpẹ́.

Nígbà tí ọ̀tunla pé, wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun gba ojú ilé òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Ó wò ó pẹ́. Kíámọ́sá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé nítorí rẹ̀ ni, pé àwọn kò fẹ́ kó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé àwọn fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn.

"Ẹsẹ̀ mi ló rọ," Màmá ní, "ẹnu mi kò rọ. Ẹ̀ bá ti bi mí."

Kíámọ́sá gbé orí lé itan ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó sunkún bí ọmọdé. Màmá fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pa á lórí títí tó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti Gbọnrangandan wá sí ọ́fíìsì àwa tí à ń rí sí ilé kíkọ́. Wọ́n rò pé wọ́n á bú àwọn ni. Ẹnjiníà kò bú wọn. Ó mú àwòrán ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tó ń gbé òkè lé ilé jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ ògiri náà fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló gbé òkè.

"Kò sẹ́ni tí ì bá ní kí ẹ má fẹ yàrá ìyá yín," ó ní. "À bá wá wò ó. À bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi irin gbé òkè ró, kí ẹ ri òpó méjì, kí ẹ gbé irin dábùú wọn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Yàrá ì bá fẹ̀, òkè ì bá sì wà níbi tó wà."

Kíámọ́sá kò lè gbójú sókè. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ yín náà ń rò: ṣé bí èèyàn bá fẹ́ kun ilé rẹ̀ lásán náà, àfi kó wá tòrò àṣẹ?

"Rárá," ẹnjiníà dá a lóhùn. "Ọ̀dà, táìlì, ẹ̀rọ omi tó ń jò, gíláàsì fèrèsé tó fọ́, ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ́ fi òmíì rọ́pò lójú ibi tó wà, níbi púpọ̀ ìyẹn kò gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ wó ògiri, tẹ́ ẹ fẹ́ la fèrèsé tuntun, tẹ́ ẹ fẹ́ yí àtẹ̀gùn tàbí òrùlé padà, tẹ́ ẹ fẹ́ fi yàrá kún ilé tàbí kẹ́ ẹ sọ yàrá di ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ rí wa. Kì í ṣe bí iṣẹ́ ṣe kéré là ń wò. Ohun tí iṣẹ́ náà fọwọ́ kàn là ń wò."

Gbọnrangandan ní láti kékeré lòun ti ń fi ìka kan ògiri tí òun sì ń gbọ́ èsì, pé èyí nìkan ló tan òun jẹ. Ẹnjiníà ní kì í ṣe ẹ̀bi etí rẹ̀, ìró ògiri kì í sọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n fẹ́ wó ògiri, àṣẹ ló kọ́kọ́ ń béèrè. Iṣẹ́ kan tàbí méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn, ó sì ní kò dun òun.

Wọ́n wá gba àṣẹ. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n mú un wá, a yẹ̀ ẹ́ wò, a lọ wo ilẹ̀ náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, a sì ń bẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń gòkè. Ṣùgbọ́n ilé tó wó kì í yá bí ilé tó wà lórí ìdúró. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọn kò lè fi dúró gba àṣẹ ti di ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní gbogbo ìgbà náà, ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni Màmá wà, lókè téńté, níbi tí àga oníkẹ̀kẹ́ kò lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Ìtòsí fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ gidigidi, kò sí ohun tó béèrè tí wọn kò ṣe, àfi èyí tó ń béèrè jù. Bí Kíámọ́sá bá ti wọlé, yóò bi í pé ilé ńkọ́. Kíámọ́sá yóò ní, "Ó ti kù díẹ̀, Màmá." Ọkùnrin tí kò lè dúró de nǹkankan rí láyé, ó wá di ẹni tó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó ní sùúrù.

Wọn kò tíì kan òrùlé nígbà tí Màmá sùn tí kò jí mọ́, nínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó dùn wá. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ti rí ilé tó wó lé èèyàn lórí, a sì ti rí ibi tí òkú ti pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí ìfẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Ilé náà ti parí báyìí. Yàrá ìsàlẹ̀ fẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Àga oníkẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀, torí Kíámọ́sá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò. Ìyàwó Òkè ti padà sókè pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀ nínú ìdílé, Kíámọ́sá a ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Ìyàwó ná. Bó bá sì gbọ́ ìró òòlù ní ilé ẹnikẹ́ni ládùúgbò, yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, yóò rìn lọ síbẹ̀, yóò sì bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé ẹ ti béèrè?"

Ohun tí àwa náà ń bi yín nìyẹn, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Kí òòlù tó kan ògiri, òpó, àjà, àtẹ̀gùn tàbí òrùlé, ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́ ní agbègbè yín. Òfin ibì kan lè yàtọ̀ sí ti ibòmíì, nítorí náà ẹ má fi ti àná tàbí ti aládùúgbò ṣe tòní. Àṣẹ tí bàbá yín gbà fún ilé tó kọ́, ilé tó kọ́ ló wà fún. Tiyín wà fún ohun tí ẹ̀yin fẹ́ ṣe sí i. Ẹ bi àgbà tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, bí irú wọn bá ṣì wà láyé. Bí ìyàwó ilé tàbí ọmọ ilé bá sọ pé nǹkan kan ò rí bó ṣe ń rí, ẹ gbọ́ ọ. Bí ilẹ̀kùn tó ti ń pa dé tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í há lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe àtúnṣe, ẹ má kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí káfíńtà. Ẹ kó èèyàn jáde, kẹ́ ẹ wá pè wá.

A mọ̀ pé ẹ̀ ń kánjú. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń kánjú nítorí rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rò, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀, kó lè bá ilé lórí ìdúró.